Ọkọ̀ orí fóònù, kabúkabú àti dróòpù: Ohun tó yẹ kí ará Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀gbẹ́dá àti Akanrán mọ̀ kó tó wọkọ̀

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn máa ń bi mí: kí ló dé tí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè lórí fóònù fi máa ń yá ní Bódìjà, àmọ́ tí ẹ bá ti dárúkọ Èjìòkú tàbí Bádékù, dẹ́rẹ́bà á ní òun ò lọ mọ́, tàbí kó pe owó tó ń dẹ́rù bani? Ìdáhùn rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ará ilé.

Ọ̀rọ̀ fàájì kọ́ lèyí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ ló ń pinnu bóyá tòmátì máa dé ọjà Ṣáṣá kó tó rà, bóyá ọmọ iléèwé máa bá ìdánwò, bóyá aláboyún máa tètè dé ọsibítù lóru. Ẹni tí kò ní mọ́tò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ti ẹlòmíì.

IRÚ ỌKỌ̀ TÓ WÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ àjọlò. Èyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lo mọ́tò kan náà, kálukú á gbé e fún wákàtí mélòó kan, á wà á fúnra rẹ̀, á sì dá a padà. Ní ìlú Zürich, lórílẹ̀-èdè Switzerland, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1948. Ní Amẹ́ríkà, Zipcar bẹ̀rẹ̀ ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 2000. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹnì kan bá yá mọ́tò fún wákàtí díẹ̀, dẹ́rẹ́bà ló sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Èkejì ni ọkọ̀ orí fóònù. Uber wọ Èkó lọ́dún 2014. Bolt, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Estonia lọ́dún 2013, dé Èkó lọ́dún 2016. Taxify ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ọdún 2019 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. inDrive ní tiẹ̀ wá láti Yakutsk ní Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn ará ìlú ti bínú nígbà tí àwọn onítasí fowó lérí owó ọkọ̀ lásìkò òtútù burúkú; wọ́n dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ń kọ ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san. Ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń dá iye tiẹ̀ lórí inDrive, tí dẹ́rẹ́bà náà á sì dá tiẹ̀ padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta ni Micra, kòròpé àti Máruwá. Ẹ mọ ìwọ̀nyí dáadáa: ẹ wọlé, ẹ san owó ìjókòó kan, ó tán.

Ẹ̀kẹrin ni kabúkabú, tí àwọn ará Èkó ń pè ní sọ̀ọ́lẹ̀: ẹni tó ń lọ síbi tirẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò àdáni, tó wá ń gbé èrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún ni dróòpù tàbí ṣátà: ẹ̀yin lẹ gba gbogbo ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa san gbogbo owó rẹ̀.

ÌDÍ TÍ DẸ́RẸ́BÀ FI Ń SÁ FÚN ABÚLÉ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbéraga ni. Mo ti dúró ní Lálúpọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, dẹ́rẹ́bà mẹ́ta tẹ̀ léra wọn gbà láti wá gbé mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pa á rẹ́. Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, tí a jọ ṣe ìṣirò, mo rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní owó láti Ìwó Road dé abúlé yín jẹ́ ₦6,000. Ká ní iléeṣẹ́ tó ni ààpù yọ ìdá 20 nínú 100, ìyẹn ₦1,200. Ó ku ₦4,800. Ká ní epo àlọ jẹ́ ₦1,500. Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, kò sí èrò tó máa gbé bọ̀, òfìfo ni yóò padà: epo àbọ̀, ₦1,500 mìíràn. Ó ku ₦1,800 fún un, kò tíì ro ti táyà, tí ojú ọ̀nà abúlé máa ń jẹ, tàbí ti wákàtí tó fi ṣòfò. Tó bá jẹ́ Bódìjà ló gbé yín lọ, kó tó yí ọkọ̀ padà, èrò mìíràn ti ń pè é.

Àbọ̀ òfìfo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ààpù ń sanwó àlọ fún un, àmọ́ epo àlọ àti àbọ̀ ló ń jó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo di ọ̀wọ́n, ìṣirò náà sì tún le sí i. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, àwọn awakọ̀ orí fóònù daṣẹ́ sílẹ̀ láti bèèrè pé kí wọ́n fi kún owó ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun ní owó tó mọ níwọ̀n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí àbọ̀ òfìfo. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ẹ gé ìrìn àjò náà sí méjì, ẹ bá dẹ́rẹ́bà ṣe àdéhùn àlọ àti àbọ̀, tàbí kí ẹ kún inú ọkọ̀ náà kí ẹ jọ pín owó rẹ̀.

IBI TÍ Ẹ TI LÈ GÉ E

Ibi tí dẹ́rẹ́bà bá ti lè rí èrò mìíràn gbé, kò ní sá fún un. Ibẹ̀ ni kí ẹ pe ọkọ̀ orí fóònù sí tàbí kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Micra, Máruwá tàbí ọ̀kadà ni kí ẹ fi parí ìyókù.

Akínyẹlé: Ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Mọ́níyà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́, èrò máa ń sọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì máa ń wá ọkọ̀ wọ ìgboro. Ẹni tó ń ti abúlé bọ̀ tó bá ṣe kòńgẹ́ àsìkò tí rélùwéè dé, á rí ọkọ̀. Tí kì í bá ṣe àsìkò náà, ẹ wá sí gáréèjì Òjòó.

Lágelú: Ìwó Road ni ojúbọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, Lálúpọn tàbí Èjìòkú lè gbé ọkọ̀ orí fóònù dé Ìwó Road tàbí Monátán, kó wá wọ ọkọ̀ elérò níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́dá: Ọjà Gbági tuntun, gáréèjì Adégbàyí àti pápákọ̀ òfuurufú Alákíà ni èrò ti pọ̀. Ẹrúnmu kò sí lójú títì Ifẹ̀, ẹ má retí pé ọkọ̀ orí fóònù máa fi tayọ̀tayọ̀ yà síbẹ̀.

Ọ̀nà-Àrà: Amúlòkó ni kí ẹ fi ṣe ibi ìpàdé. Láti ibẹ̀ lọ sí Akanrán àti Bádékù, ẹni tí ẹ mọ̀ ló sàn jù.

BÍ Ẹ ṢE MÁA PÈ É

1. Ẹ má gbé àmì sí àárín oko. Máàpù kì í sábà mọ ọ̀nà abúlé dáadáa. Ẹ gbé e sí ibi tí gbogbo ayé mọ̀: iwájú iléèwé, ilé epo, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìkóríta.

2. Kí dẹ́rẹ́bà tó gbéra, ẹ pè é. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ ní kedere, kí ẹ sì sọ ẹrù tí ẹ gbé. Apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́ta kì í ṣe ẹrù tó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú ọ̀nà.

3. Ẹ bèèrè bóyá káàṣì ló fẹ́ tàbí tiránsífà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, tiránsífà lè há sójú ọ̀nà kó wá dìjà. Ẹ mú káàṣì díẹ̀ dání, kó jẹ́ owó wẹ́wẹ́.

4. Tó bá ní kí ẹ pa á rẹ́ lórí ààpù kí ẹ jọ lọ ní òun àti ẹ̀yin, ẹ ronú dáadáa. Owó lè dín lóòótọ́, àmọ́ àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà ti parẹ́ nìyẹn. Tí ẹrù bá sọnù tàbí tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tí iléeṣẹ́ náà máa lè tọpa rẹ̀.

DRÓÒPÙ ÀJỌSAN FÚN ÀWỌN ALÁJÀPÁ

Èyí ni mo rò pé ó bá àwa ará ìta ìlú mu jù lọ, torí ó jọ èèsú àti àjọ tí a ti mọ̀. Èèyàn mẹ́rin tó ń lọ sí Bódìjà ní ọjọ́ ọjà á gba ọkọ̀ kan, àlọ àti àbọ̀. Ká ní ó jẹ́ ₦16,000, kálukú san ₦4,000. Dẹ́rẹ́bà náà ò padà lófìfo, ẹ̀yin náà ò dúró sójú òòrùn.

Àmọ́ kó má di ìjà, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin ṣáájú: aago tí ẹ máa gbéra, aago tí ẹ máa padà, iye tí ẹlẹ́rù púpọ̀ máa fi lé e, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó ẹni tí kò bá yọjú. Ẹ kọ ọ́ sínú WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í yí.

TÓ BÁ DI ÒRU TÀBÍ ÀÌSÀN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí èèyàn sọwọ́ ààpù nìkan. Kí gbogbo ilé tó ní aláboyún, arúgbó tàbí ọmọ tí ara rẹ̀ kò le lọ bá onímọ́tò kan ládùúgbò nísinsìnyí. Ẹ bèèrè iye tó máa gbà tó bá jẹ́ òru, kí ẹ ya owó náà sọ́tọ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹlòmíì tì í, torí ó lè rìnrìn àjò. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sára ògiri.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122.

ÀÀBÒ

Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ àti ojú dẹ́rẹ́bà, kó bá èyí tó wà lórí fóònù mu. Tí kò bá bá a mu, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó ṣàlàyé tó. Ẹ má tìtorí àwọ̀ nọ́ńbà fọkàn balẹ̀: pupa ni ti ọkọ̀ akérò, búlúù ni ti àdáni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí fóònù ló ń lo búlúù. Nọ́ńbà gan-an ni kí ẹ kà.

Ẹ fi ìrìn àjò yín ránṣẹ́ sí ará ilé láti inú ààpù. Tó bá jẹ́ kabúkabú, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ ò ní bínú. Ẹ̀yin obìnrin, tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wọ kabúkabú tí ọkùnrin mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Tí ẹ bá ní dẹ́rẹ́bà kan tó ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín, ẹ má ná an kanlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ rántí àbọ̀ òfìfo. Ẹni tí ẹ bá san owó tó tọ́ fún lọ́sàn-án, òun ló máa gbé fóònù yín lóru.