Ètò ìlò ojú òkun

Ètò ìlò ojú òkun ni ìlànà tí ìjọba fi ń pinnu ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti máa wáyé lójú òkun: ibi ìpẹja, ọ̀nà ọkọ̀, ibi tí ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná yóò dúró sí. Ẹja kò mọ ààlà. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó jọ ni òkun kan fi máàpù wọn han ara wọn.

Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló yí Òkun Baltic ká. Gbogbo wọn, àyàfi Rọ́ṣíà, ló wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí òfin rẹ̀ ti ọdún 2014 ní kí wọ́n parí ètò yìí kí oṣù Kẹta ọdún 2021 tó parí, kí wọ́n sì máa bá aládùúgbò fikùn lukùn. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé èdè àti àmì orí máàpù yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Láti mú kí pínpín máàpù rọrùn, BASEMAPS, irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti HELCOM àti VASAB, àwọn àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní agbègbè Òkun Baltic, ń fa máàpù wá tààrà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Bí onímáàpù bá tún tirẹ̀ ṣe, èyí tuntun ni olùwò yóò rí.