Ilé Aṣòfin àti Ọ̀nà Tó Dé Ibẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ilé kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ìloro rẹ̀ rí. Ilé náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ sí owó tí ìjọba yóò ná sórí títì, sórí ilé-ìwé àti sórí ilé ìwòsàn. Bí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ yín pé níbo ló yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, kí ni ẹ ó wí? Ẹ lè sọ pé ibi yòówù kí wọ́n kọ́ ọ sí, ilé náà ni ilé ń jẹ́. Àwọn baba wa ní Èkìtì kò rò ó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1900 títí di 1996, ọ̀rọ̀ Èkìtì ti lọ jókòó ní Iléṣà, ó ti lọ sí Àkúrẹ́, ó ti lọ sí Ìbàdàn, ó tún padà sí Àkúrẹ́, kó tó wá sinmi ní Adó. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ààfin ni ilé aṣòfin wa. Ọba nìkan kì í dá òfin ṣe. Àwọn ìjòyè a pé sí àgbàlá, wọn a gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, oníkálukú a sọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, ọba a sì fọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá parí, akéde a lu agogo káàkiri ìlú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Ẹni tó ní ẹjọ́ lè ti ilé rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ. Òwe àwọn àgbà wa ni pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àdúgbò kan, wọn a ránṣẹ́ pe àwọn ará àdúgbò náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ilé lásán ni ààfin wọ̀nyẹn. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ àwòrán ọba tó jókòó pẹ̀lú adé lórí, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé wá kí ọba. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu ya àwọn tó rí i, ni ilé ìṣúra British Museum bá ní àwọn fẹ́ ẹ. Ògògà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà nílùú Chicago ní Amẹ́ríkà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ fi igi sọ ìtàn ìgbà tirẹ̀ fún wa: ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àlejò tó máa gba àṣẹ ti wọlé.

Àlejò yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Èkìtì jókòó sílé mọ́. Ní ọdún 1900, ìjọba òyìnbó kó àwọn ọba Èkìtì jọ sínú ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú. Iléṣà ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, Ọwá ló sì ń ṣe alága. Lóòótọ́, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti jọ jà nínú ogun Kírìjí, tí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Síbẹ̀, kò rọrùn fún ọba aládé láti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kó gba ọ̀nà òkè lọ sí ìlú ọba mìíràn láti lọ gbọ́ ohun tí yóò ṣe nílé ara rẹ̀. Àwọn ọba Èkìtì kùn, wọn kò sì dákẹ́. Ní 1913, ìjọba ya ẹ̀ka ti Èkìtì sọ́tọ̀, Adó sì di ibùjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1915, wọ́n dá Ondo Province sílẹ̀, ajẹ́lẹ̀ àgbà sì jókòó sí Àkúrẹ́. Nígbà tó tún di 1947, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti Adó dé Ìbàdàn lé ní 100 máìlì.

Ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ tán. Etí òkun ni ọ̀pọ̀ olú-ìlú wọn wà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwọn baba ńlá wọn débẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ti wọ inú igbó lọ, tí wọ́n ń dá oko, tí wọ́n ń san owó orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé èéṣe tí àwọn yóò fi gun ẹṣin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí àwọn tó débi tí wọ́n ti ń ṣòfin lé àwọn lórí. Ni olú-ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní 1780, Virginia kúrò ní Williamsburg lọ sí Richmond. Ní 1786, South Carolina pinnu láti kúrò ní Charleston létí òkun, kí wọ́n sì tẹ ìlú tuntun dó láàrin ìpínlẹ̀ wọn, ìyẹn Columbia. Pennsylvania fi Philadelphia sílẹ̀ ní 1799 lọ sí Lancaster, nígbà tó sì di 1812, ó tún ṣí lọ sí Harrisburg. Ti North Carolina ló pani lẹ́rìn-ín jù. Ní 1788, wọ́n pinnu pé olú-ìlú wọn kò gbọdọ̀ jìn ju máìlì 10 lọ sí ilé ọtí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac Hunter. Láti inú ìpinnu yìí ni ìlú Raleigh ti jáde ní 1792.

Wọ́n wá kọ́ ilé tó bá ipò náà mu. Ní Annapolis, olú-ìlú Maryland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé aṣòfin kan ní 1772, àwọn aṣòfin sì ń jókòó níbẹ̀ títí di òní olónìí. Inú ilé yìí ni Ọ̀gágun George Washington wọ̀ ní ọjọ́ 23 December 1783, lẹ́yìn tó ti ṣẹ́gun tán, tó sì dá ìwé àṣẹ ogun padà fún àwọn aṣòfin tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní ọmọ ogun lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró bó bá sọ pé òun ni yóò jọba. Ṣùgbọ́n ó tẹríba fún wọn, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Ní Richmond, Thomas Jefferson ló ya àwòrán ilé aṣòfin Virginia. Ó wo tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan nílùú Nîmes ní ilẹ̀ Faransé ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1785, àwọn aṣòfin sì wọ inú rẹ̀ ní 1788. Ilé náà lẹ́wà, àárín ìpínlẹ̀ sì ni ó súnmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú dúdú wà lára àwọn tó fi òógùn kọ́ ọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní ìtòsí ilé náà, bí ó bá jẹ́ ẹrú, ilé náà jìn sí i ju bí ó ṣe jìn sí àgbẹ̀ orí òkè lọ. Ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn parí, tí wọ́n sì dá ẹrú sílẹ̀, ni àwọn ènìyàn dúdú kọ́kọ́ jókòó nínú ilé yẹn láti bá wọn kọ òfin tuntun, ní 1867 sí 1868. Ní January 1990, wọ́n búra fún Douglas Wilder, ọmọ-ọmọ ẹrú, gẹ́gẹ́ bí gómìnà Virginia. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi ìbò yàn sí ipò náà. Ẹ rí i pé ọ̀nà lè kúrú kí ilẹ̀kùn sì tì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn wàyí. Lábẹ́ òfin ìjọba ti 1951, ilé méjì ló wà: ti àwọn aṣòfin tí ará ìlú yàn, tí wọ́n jẹ́ 80, àti ti àwọn lọ́balọ́ba. Èkìtì ní ọmọ nínú wọn. Bí ọ̀nà náà ti jìn tó, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ dé abúlé wa. Ìwé-kíkà ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Lọ́dún kan péré, ó fò sókè kọjá 811,000. Bàbá tàbí ìyá àgbà yín lè wà lára wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Ṣùgbọ́n ilé kan náà yìí ló dàrú ní ọjọ́ 25 May 1962. Ìjà ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí ìjọba, àwọn aṣòfin sì pé láti dìbò lé e. Wọn kò rí ìbò náà dì. Wọ́n ń ju àga lu ara wọn, ọ̀pá àṣẹ ilé fọ́, àwọn ọlọ́pàá sì fi èéfín tajútajú lé gbogbo wọn jáde. Wọ́n tún gbìyànjú láti jókòó lọ́jọ́ náà, ó tún dàrú, ni àwọn ọlọ́pàá bá ti ilé náà pa. Ní ọjọ́ 29 May, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde pé ìlú kò fara rọ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí jẹ alábòójútó títí ọdún fi parí. Bí àwọn tó ni orí ti ń jà, ẹlòmíràn bá wọn fá a.

Rògbòdìyàn kò tán títí di January 1966, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, tí wọ́n sì tú gbogbo ilé aṣòfin ká. Ìgbà náà ni wọ́n fi ọmọ Adó-Èkìtì, Adékúnlé Fájuyì, ṣe gómìnà ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní Fájuyì nínú ìlú Adó, orúkọ rẹ̀ ni ẹ ń pè. Ọmọ Èkìtì dé ilé gómìnà, ṣùgbọ́n kò sí ilé aṣòfin kankan tó ṣí tí àwọn ará ilé rẹ̀ lè rán ẹnìkan lọ. Ní ọjọ́ 29 July 1966, àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ wá mú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wọ́n mú òun náà lọ, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ló gbapò rẹ̀. Ọdún 13 ló kọjá kí ìdìbò tó tún ṣí ilẹ̀kùn ilé aṣòfin. Ẹ rántí Washington ní Annapolis. Lọ́hùn-ún, ológun dá àṣẹ padà fún ilé aṣòfin. Níbí, ológun gba àṣẹ, ó sì ti ilé náà pa.

Ní February 1976, wọ́n pín Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, Èkìtì sì bá Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àkúrẹ́. Ọ̀nà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà Èkìtì kò dẹ́kun láti béèrè ilé tiwọn. Ní ọjọ́ 1 October 1996, Ìpínlẹ̀ Èkìtì dúró pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 16, Adó sì di olú-ìlú. Ní 1999, ilé aṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 26 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú fi ìbò yàn ni Níyì Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gágun Adébáyọ̀ tó ti ṣe gómìnà ní Ìbàdàn ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣáájú.

Ǹjẹ́ ilé tó wá sítòsí yìí wá parí ọ̀rọ̀? Rárá o. Ní November 2014, ọmọ ilé 7 nínú 26 jókòó láìsí àwọn 19 tó kù, wọ́n sì kéde pé àwọn ti yọ abẹnugan. Adó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Iléṣà, kì í ṣe Ìbàdàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn baba wa ti ṣe iṣẹ́ ti ọ̀nà: wọ́n gbé ilé náà wá sítòsí. Iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn ló kù fún wa. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú yín. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ilé máa ń jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n jókòó níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí, kí wọ́n rí ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì, kí ẹ sì sọ fún wọn bí irú rẹ̀ ṣe fọ́ ní Ìbàdàn. Lójú ọmọ tó ti rí i, kì yóò jẹ́ ilé àjèjì mọ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ tì í pa lọ́jọ́ kan, yóò mọ̀ pé ilé òun ni wọ́n ń tì.

Ó dìgbà kan ná.