Sọ́bsídì: Ta Ló Ń Ran Ta Lọ́wọ́?

Bí a bá gbọ́ “sọ́bsídì” lónìí, epo bẹntiróòlù ló ń wá sí wa lọ́kàn: owó ìrànwọ́ tí ìjọba máa ń san tẹ́lẹ̀ kí epo má baà gbówó lé mẹ̀kúnnù jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá bá wa, ará ìlú ló ń san sọ́bsídì láyé àtijọ́, ọba ló sì ń gbà á.

Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀: sub, ìsàlẹ̀, sedere, láti jókòó. Subsidium ni àwọn ará Róòmù ń pe ọmọ ogun tó jókòó sẹ́yìn, tó ń retí ìgbà tí ogun bá le kó tó dìde gbèjà àwọn ti iwájú. Nígbà tó yá, ó di ìrànlọ́wọ́ irú èyíkéyìí. Bí ọba Gẹ̀ẹ́sì bá ń bá Skọ́tíláǹdì tàbí Faransé jagun, á ní kí ilé aṣòfin fún òun ní “ìrànlọ́wọ́”. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó lè kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń díye lé màlúù, àgùntàn àti ọkà inú àká olúkúlùkù. Ará abúlé á san ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ará ìlú ńlá á san ìdá kan nínú mẹ́wàá (kì í ṣe ìdámẹ́wàá ti ṣọ́ọ̀ṣì o). Nínú ìwé 1332, orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye tó san. Ṣùgbọ́n irọ́ àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ní 1334, àwọn aṣojú ọba bá abúlé kọ̀ọ̀kan dúnàádúrà lórí iye kan, wọ́n ní kí àwọn ará abúlé pín in láàárín ara wọn. Orúkọ ènìyàn parẹ́, ó ku orúkọ abúlé. Iye ọjọ́ náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta, títí di 1624.

Èyí ló ń dùn mí jù. Wọ́n ṣì ń pè é ní “ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún”, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohunkóhun mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn dé ní 1348, ó kó ènìyàn lọ bí ẹni kó ewé. Nígbà tó ṣe, abúlé kan fọ́, òmíràn di pápá àgùntàn. Àwọn tó ṣẹ́kù ń san ti òkú mọ́ tiwọn. Ọdún 1433 ni ilé aṣòfin tó yọ £4,000 kúrò lára nǹkan bí £38,000 tí gbogbo ilẹ̀ náà ń san, nítorí àwọn ìlú tó ti rù. Ní 1446 wọ́n sọ ọ́ di £6,000.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ṣe ṣí kúrò ní páríìṣì kan bọ́ sí òmíràn, ìwé 1334 ni yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1524, tí méjèèjì wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba ní Kew. Nínú sọ́bsídì tuntun ti ọba Henry Kẹjọ, orúkọ ènìyàn padà sínú ìwé: alágbàṣe tí owó ọ̀yà rẹ̀ tó £1 lọ́dún pàápàá san pẹ́nì 4. Lavenham ní Suffolk, ìlú kékeré tó ń hun aṣọ irun àgùntàn tí wọ́n rẹ láró, wá wà lára àwọn ìlú tó lówó jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Spring, baba oníṣòwò aṣọ níbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní 1523 ni.

Ní 1525, Kádínà Wolsey, olórí ìránṣẹ́ ọba, tún béèrè òmíràn láìgba ẹnu ilé aṣòfin, ó pè é ní ẹ̀bùn ìfẹ́. Àwọn oníṣòwò aṣọ ní owó ọ̀yà ò sí mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Lavenham àti agbègbè rẹ̀ dìde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọba sì jáwọ́.

Nígbà Elizabeth Kìíní, ìwé tún di irọ́. Lord Burghley, tó ń ṣọ́ àpò ìjọba, ń gba nǹkan bí £4,000 lọ́dún. £133 ni wọ́n kọ sí i. Nígbà tó yá, nǹkan yí padà: ní 1758, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti máa san £670,000 lọ́dún fún ọba Prussia kó lè máa jagun lọ. Sọ́bsídì ni wọ́n pe ìyẹn náà, àmọ́ ìjọba ti di ẹni tó ń fún ni.