Agogo ẹnu-ọ̀nà oníkámẹ́rà

Agogo ẹnu-ọ̀nà oníkámẹ́rà jẹ́ ẹ̀rọ tí a ń fi sí ẹnu ilẹ̀kùn tàbí géètì ní ipò bọ́tìnnì agogo. Ó ní kámẹ́rà, gbohùngbohùn àti Wi-Fi, ó sì ń fi àwòrán àti ohùn àlejò ránṣẹ́ sí fóònù onílé. Irú méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí ń lo bátìrì, àti èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ agogo tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Iná AC tí ó wà láàárín fólítì 16 sí 24 ni ọ̀pọ̀ irú kejì yìí ń lò, bẹ́ẹ̀ fólítì 230 ni iná ilé ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń pinnu bóyá agogo àtijọ́ àti ẹ̀rọ tuntun lè bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ìtàn

Kí agogo tó dé, ohùn ni àlejò fi ń kéde ara rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: yóò ké "Àgò o!", onílé yóò sì dáhùn pé "Àgò yà." Ní 1831, Joseph Henry, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé iná mànàmáná lè lu agogo láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1966, Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì aláwọ̀dúdú kan ní Queens ní ìlú New York, àti ọkọ rẹ̀ Albert, béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ń fi àlejò hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ náà ní 1969. Jamie Siminoff mú DoorBot, tí ń lo fóònù, jáde ní 2013; òun ni ó di Ring, tí Amazon rà ní 2018.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di agogo onífólítì kékeré: tiransifọ́mà tí ń dín agbára iná kù, agogo inú ilé, àti bọ́tìnnì. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, iná yóò gba inú wáyà tí a wé kọjá, wáyà náà yóò di òòfà, yóò sì fa ọ̀pá irin kékeré kan lu irin pẹlẹbẹ. Bí a bá yọwọ́, ọ̀pá náà yóò padà lu irin kejì. Ìdí nìyí tí ó fi ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́tìnnì lásán kì í jẹ iná, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í sùn. Ó ń fa iná díẹ̀díẹ̀ gba inú agogo kọjá nígbà gbogbo, ní ìwọ̀n tí kò tó láti lu ú. Bí iná náà bá pọ̀ jù, agogo yóò máa kùn. Nítorí èyí, àwọn kan lára ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń ní ohun èlò kékeré kan tí a ń so mọ́ ojú ìdè "Front" àti "Trans" nínú agogo, kí iná lè rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ní Nàìjíríà

Púpọ̀ nínú agogo oníwáyà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ni a ń so tààrà mọ́ iná fólítì 230, láìsí tiransifọ́mà. Wáyà tí ó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì irú agogo bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn, yóò sì jó kámẹ́rà tí a bá so mọ́ ọn. Tiransifọ́mà tí a rà wá láti Amẹ́ríkà kò wúlò níbí, nítorí iná fólítì 120 ni a ṣe é fún. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba iná wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú fólítì 8 péré jáde, èyí tí kò tó kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹ̀jìgbò, Ara àti àyíká wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ń gbé ní Abidjan ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì ń kọ́lé sílé. Pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, onílé tí ó wà ní Abidjan lè rí ẹni tí ó dúró sí ẹnu géètì rẹ̀, kí ó sì dá a lóhùn.

Fífi wáyà so ó

Oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà, ní ìtò yìí:

1. Kí ó pa iná láti bíréékà, kí ó pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú. Bí ínfátà bá wà ní títàn, iná ṣì wà nínú wáyà bí a tilẹ̀ ti pa ti IBEDC. Kí ó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.
2. Kí ó ṣí ìdérí agogo, kí ó sì ka iye fólítì tí wọ́n kọ sí i. Bí ó bá jẹ́ 230, kí ó fi tiransifọ́mà tí ń sọ 230 di 16 sí 24 sí i, kí ó sì pààrọ̀ agogo náà.
3. Kí ó so ohun èlò kékeré náà mọ́ "Front" àti "Trans", bí ó bá wà.
4. Kí ó tú bọ́tìnnì àtijọ́, kí ó sì so wáyà rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Nítorí pé iná AC ni, èyíkéyìí lè ṣáájú.
5. Kí ó tan iná padà, kí ó so kámẹ́rà mọ́ Wi-Fi, kí ó sì yan irú agogo tí ó wà nílé lórí fóònù.

Ìṣòro

Bí kámẹ́rà bá ń kú lálẹ́, nígbà tí iná ìríran òkùnkùn rẹ̀ bá tàn, tàbí tí agogo kò bá dún dáadáa, tiransifọ́mà tí agbára rẹ̀ kéré ni ó sábà máa ń fà á. Bí iná bá lọ, kámẹ́rà tí kò ní bátìrì yóò kú, àpótí Wi-Fi náà yóò sì kú. Nítorí náà, orí ínfátà ni ó yẹ kí tiransifọ́mà àti Wi-Fi wà, kí ilé má baà fọ́jú ní àkókò òkùnkùn gan-an tí ojú ń wá ẹni tí ó kanlẹ̀kùn.