Àwọn ìwé Pápírọ́ọ̀sì Chester Beatty

Àwọn ìwé Pápírọ́ọ̀sì Chester Beatty jẹ́ àkójọ ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì ní èdè Gíríìkì, tí a kọ láàárín ọ̀rúndún kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi. Orí pápírọ́ọ̀sì ni a kọ wọ́n sí, ìyẹn ohun ìkọ̀wé tí àwọn ará Íjíbítì ń fi koríko etí odò ṣe. Alfred Chester Beatty (1875–1968), ọmọ Amẹ́ríkà tó lówó nídìí iṣẹ́ ìwakùsà, ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ní Íjíbítì, wọ́n sì wà ní ilé ìkàwé rẹ̀ ní ìlú Dublin, ní Írẹ́lándì. Frederic Kenyon kéde wọn nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1931.

Ìwé 11 ni a kà mọ́ àkójọ náà. Méje jẹ́ ti Septuagint, ìtumọ̀ tí àwọn Júù ṣe sí èdè Gíríìkì ṣáájú ìbí Kristi. Mẹ́ta jẹ́ ti Májẹ̀mú Tuntun. Ọ̀kan tó kù ní apá kan Ìwé Énọ́kù àti ìwàásù Melito ará Sadisi nínú. Kí wọ́n tó jáde, àwọn ìwé ńlá ọ̀rúndún kẹrin, Vaticanus àti Sinaiticus, ni àwọn onímọ̀ gbójú lé jù. Àjákù péépéèpé ni ọ̀pọ̀ ohun tó ṣáájú wọn.

Àwọn oníṣòwò kò ta àwọn ìwé náà lódindi. Ṣe ni wọ́n tú wọn, tí wọ́n ń tà wọ́n ní ewé-ewé, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n ti hú wọn jáde ní pàtó. P46, ìwé àwọn Episteli Pọ́ọ̀lù, tí a dá sí nǹkan bí ọdún 200, ló fi ìpalára yìí hàn jù. Ewé 104 ni ó ní nígbà tó pé. Beatty kọ́kọ́ ra 10, Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ra 30, kí 46 mìíràn tó bọ́ sọ́wọ́ Beatty. Kenyon ti tẹ 10 àkọ́kọ́ jáde ní 1934. Ní 1936 ó ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Títí di òní, ẹni tó bá ń ka Róòmù ní Dublin yóò dúró ní orí 11, kí ó tó sọdá òkun lọ bá ìyókù. Lẹ́yìn Róòmù gan-an ni adàwékọ náà fi Hébérù sí, èyí tó fi hàn pé ti Pọ́ọ̀lù ni ó kà á sí.

Ìwé tí a ń pè ní 967, tó ní Ìsíkíẹ́lì, Dáníẹ́lì àti Ẹ́sítérì, tilẹ̀ fọ́nká jù bẹ́ẹ̀ lọ: Dublin, Princeton, Köln, Madrid àti Barcelona ló pín in. Ìtumọ̀ Dáníẹ́lì àkọ́kọ́, tí ìjọ ti pa tì nítorí ti Theodotion, ló wà nínú rẹ̀. Nínú Ìsíkíẹ́lì, orí 37 wà lẹ́yìn orí 39.

Nínú ìwé Aísáyà, ẹnìkan kọ àlàyé ní èdè Kọ́ptíìkì sí etí ewé. Ó dà bí ẹni pé Gíríìkì nìkan kò tó òǹkàwé yẹn.