Iye Àìyípadà àti Ìkójọ Aláṣàyàn nínú Áàpù Fóònù

Iye àìyípadà ìgbà ìkójọ ni iye tí wọ́n so mọ́ áàpù nígbà tí kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tí ń sọ kóòdù tí ènìyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè lò, bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní yí padà mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìkójọ aláṣàyàn ni mímú apá kan kóòdù wọlé tàbí fífi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú iye bẹ́ẹ̀ bá ti wí. Èdè C ti ń fi #ifdef ṣe é láti àwọn ọdún 1970, àmọ́ ní 1992, Henry Spencer àti Geoff Collyer kọ bébà láti fi hàn pé àpọ̀jù rẹ̀ ń sọ kóòdù di ohun tí ó ṣòroó kà, ìkìlọ̀ tí ó ṣì tọ̀nà títí di òní.

Nínú Flutter, irinṣẹ́ Google tí ń lo èdè Dart, àṣẹ --dart-define ni ó ń gbé iye wọlé, tí bool.fromEnvironment sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ const tí wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà mọ ìdáhùn ṣáájú, kí ó sì gé ẹ̀ka kóòdù tí kò lè ṣiṣẹ́ láé kúrò nínú ẹ̀dà tí yóò dé ọwọ́ aráàlú. Bí àwọn olùdánwò bá ní ojú ewé tí ó ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láìlo ọ̀rọ̀ ìwọlé, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí ó hàn, ojú ewé náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà lè mú un hàn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn.

Àwọn kan wá rò pé kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n gbé wọlé báyìí ti wà ní ìpamọ́, níwọ̀n bí kò ti sí nínú kóòdù tí wọ́n kọ. Èrò yìí kò dúró, nítorí fáìlì zip ni fáìlì APK tí Android ń lò. Ẹnikẹ́ni lè tú u, kí ó sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. buildConfigField ti Gradle, irinṣẹ́ tí ń kó áàpù Android jọ, tí òun náà ń gbé iye wọlé, kò sàn ju --dart-define lọ. Orí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ń dá àwọn fóònù lóhùn, ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí, bí irú ti ìsanwó, yẹ kí ó wà. Èyí tí ó bá ti bá áàpù jáde kò ṣeé gbà padà mọ́: fífagi lé e kí wọ́n sì ṣe òmíràn nìkan ni ó kù.