Àmì Iṣẹ́ Nẹ́tíwọ̀kì lórí Áàpù Fóònù

Àmì iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni àwòrán kékeré tí áàpù máa ń gbé sójú fóònù nígbà tó bá ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ òbìrìkìtì tó ń yí tàbí ọ̀pá tó ń kún díẹ̀díẹ̀. Ní 1985, ìwádìí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Brad Myers fi hàn pé àwọn òǹlò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ọ̀pá tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa ìlò kọ̀ǹpútà, sì kọ ọ́ ní 1993 pé bí ìdúró bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọkàn òǹlò á ti lọ sórí nǹkan mìíràn.

Ní ilẹ̀ Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkè àti àpáta ti pọ̀ láti Ìkáràmù dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí wọ́n sì lè dí ìgbì rédíò òpó nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà, àmì yìí kọjá ọ̀ṣọ́. Oníbàárà tó fẹ́ fi áàpù báńkì san owó iṣu, tí ojú fóònù rẹ̀ kò sì yí padà lẹ́yìn tó tẹ bọ́tìnì, lè tún un tẹ̀, kí owó sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí áàpù pa bọ́tìnì náà ní kété tí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí sáfà lè mọ èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Àmì tó ń yí láìdúró nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ti já burú ju àìsí àmì lọ, nítorí pé ó ń fún òǹlò ní ìrètí òfo. Áàpù tó dára máa ń dá àkókò fún ìdúró náà, á sì sọ gbangba bóyá owó ti lọ, kò lọ, tàbí a kò tíì mọ̀.